Wolé-Wolé àti Màrìwò Ọrùn Ajá Rẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ràn ajá. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Bí itọ́ ajá bá kan aṣọ tí mò ń rán fún oníbàárà, iṣẹ́ dé nìyẹn, n óò fọ̀ ọ́ títí, n óò tún fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Simeon Ọmọ́ṣaléwá àti ajá rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Yàrá iwájú ilé Bàbá ni mo háyà ní Ìmẹ̀pẹ̀, ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Kò sí ohun tó máa gba títì náà kọjá tí ojú Ràmọ́tà kò ní rí. Àwọn kan ní àtojúbọ̀ ni mí. Wọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ránṣọ lójúde, ṣé kó di ojú ni?

Wolé-wolé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ wọ́n. Àwọn ni ìjọba máa ń rán kí wọ́n máa wọ ilé onílé kiri nínú aṣọ kakí, kí wọ́n máa yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí tanwíji kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi rẹ, kọ́ọ̀tù yá. Bí àwọn ìyá wa bá ti gbúròó wolé-wolé láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọn á máa da omi nù, omi tí wọ́n fi orí rù láti odò láàárọ̀.

Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí irun fi funfun, ṣé ẹ rò pé ó máa fọkàn tán ẹnikẹ́ni? Bí mo bá kí Bàbá pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," á kọ́kọ́ wò mí láti òkè dé ilẹ̀ kó tó dáhùn, bí ẹni pé mo fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn ìkíni náà. Bí Rose, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bá fi búrẹ́dì ránṣẹ́ láti Èkó, Bàbá á gbé e símú, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, kó tó bù ú jẹ. Búrẹ́dì ọmọ tó bí o!

Kì í sì í béèrè. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa Bàbá Simeon. Kì í bi ènìyàn ní nǹkan. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ràmọ́tà, wolé-wolé tó bá bi onílé pé ṣé tanwíji wà nínú omi rẹ, òmùgọ̀ ni. Irọ́ ni onílé máa pa fún un. Ojú ara ẹni la fi ń wò ó."

Ẹ̀dáṣòro ló sọ ajá rẹ̀. Rose ló mú un wá nígbà tí ìyá wọn kú, kí ilé má bàa dá jù. Ajá kékeré ni, ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì sùn sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ajá kì í ṣe lásán nílẹ̀ wa. Bí Bàbá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó pariwo "Ẹ̀dáṣòro!", gbogbo àdúgbò ló ń bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀. Nígbà míì mo máa ń dá a lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ pé, "Bàbá, mo gbọ́ o." Á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Á ní, "Láyé yìí, Ràmọ́tà, ajá yìí nìkan ni kò tíì parọ́ fún mi rí." Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi tí mò ń bu ìkọ́kọrẹ́ fún un ńkọ́?

Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti rọ̀, Bàbá á so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, á mú agboòrùn dúdú rẹ̀ dání, wọn á rìn lọ títí dé Ìtọ̀rò, wọn á sì padà. Òun nìkan ni ìgbádùn tó kù fún un láyé.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gbàjọba ni Ṣíjúadé onílọ́rì kó dé ilé tuntun tó kọ́ sí iwájú wa. Igi gẹdú ló fi lọ́rì ń kó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, géètì onírin, àti ajá òyìnbó méjì tí wọ́n ga dé ìdí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo ní ẹran tí àwọn wọ̀nyí ń jẹ lóòjọ́, ilé mi ò jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀.

Kò pẹ́ rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá àti ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni géètì Ṣíjúadé ṣí, àwọn ẹranko méjèèjì bẹ́ jáde. Yéè! Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bàbá. Kò sá. Ó fa Ẹ̀dáṣòro sẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ he òkúta. Òkúta kankan ò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ajá tó ṣíwájú dúró. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ sún mọ́ ọn, ó na agboòrùn sí wọn lójú, ó ṣí i lójijì, fàà! Wọ́n fò sẹ́yìn. Bàbá wá ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, agboòrùn níwájú, ajá rẹ̀ lẹ́yìn, títí wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀dáṣòro gba abẹ́ ẹ̀rọ lọ, ó nu itọ́ sára lésì ìyàwó tí mò ń rán. A-úsù bílàhì!

Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ, síbẹ̀ ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. "Má sá fún ajá láé, Ràmọ́tà. Bí o bá ti sá, o ti sọ fún un pé ẹran ni ọ́. Má sì gbé ajá kékeré sókè. Ara tìrẹ ni wọ́n máa gùn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ súfèé yẹn?"

Nítorí mo gbọ́ ọ. Kí géètì tó ṣí, ẹnì kan fọn súfèé láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ajá tó léni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àgbà àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé láyé ọjọ́un, ìyá Ṣíjúadé wà lára àwọn tí Bàbá fà lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí tanwíji, ìtìjú náà kò sì tán lára obìnrin náà títí ó fi kú. N ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ò di sí súfèé.

Bàbá lọ dúró níwájú géètì, ó pariwo títí. Ṣíjúadé yọjú láti òkè, ó rọra fọwọ́ lé irin, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá wolé-wolé. Ajá ò mọ àgbà. Ẹ so tiyín mọ́lẹ̀." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Inú bí mi débi pé mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ ìka.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Agboòrùn ló tún gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ajá náà fi eyín fà á, irin rẹ̀ méjì wọ́. Ẹni tó yẹ kó bá Bàbá tún un ṣe ò jìnnà. Fátúnmbí alágbẹ̀dẹ wà ní orígun títì, kò tó ibi tí ènìyàn á ju òkúta dé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmuṣin ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀, olórìṣà tí kì í fi Ògún rẹ̀ ṣeré. Òun ló ń tẹ irin fún gbogbo onílọ́rì àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ́ gbé agboòrùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òwú mi ló gbà, òwú dúdú tó nípọn, ó fi di irin náà mọ́ra wọn.

Ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Eegun ni. Fátúnmbí ń fún Ẹ̀dáṣòro ní eegun. Bí Bàbá bá ti fọwọ́ fa okùn sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, ajá náà á ti kọrí sí ìdí ẹwìrì, ìrù á máa jù fìrìfìrì. Bẹ́ẹ̀ ọdún Ògún ń bọ̀. Ajá ti ń sọnù ní Ìmẹ̀pẹ̀. Ti ìyá oníbúrẹ́dì sọnù, ti olùkọ́ kan náà sọnù. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún wá ń bọ́ ajá alájá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èmi gan-an fura, n ò ní purọ́.

Bàbá ní, "Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Ṣé o rò pé ìfẹ́ ló fi ń fún un ní eegun? Kó lè sanra ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ bi í. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ó ní, "Kí n bi í kó purọ́ fún mi?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fátúnmbí fúnra rẹ̀ wá. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ nípa ajá yìí." Bàbá gbé ajá rẹ̀ wọlé, ó sì tilẹ̀kùn. Fátúnmbí wò mí, mo wò ó. Mo fẹ́ ní kó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti yí padà. Ẹni tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ lójú kì í dúró pẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ògún ní Ìmuṣin ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo rí Ẹ̀dáṣòro lójúde. Màrìwò wà lọ́rùn rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù ni, wọ́n ya á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n so ó yípo ọrùn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Kí n tó pe Bàbá, ajá náà ti sọdá títì, géètì Ṣíjúadé sì ṣí sílẹ̀. Àwọn ajá òyìnbó náà rọ́ jáde. Mo ní ó parí.

Kò parí. Ṣíjúadé, ẹni tí kì í pe ajá rẹ̀ padà, fò jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora nìkan nídìí, bàtà lọ́wọ́, ó ń na àwọn ajá rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ padà! Ẹ padà, mo ní!" Ó fà wọ́n wọlé, ó ti géètì. Ẹ̀dáṣòro gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tọ̀ sára ògiri rẹ̀, ó padà wá sílé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bàbá ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. "O rí i báyìí? O rí i! Ọ̀kan sàmì sí i, ìkejì ń bá a ṣọ́ ọ. Wọ́n ti jọ sọ ọ́. Lálẹ́ òní ni wọ́n máa wá mú un." Ó gba sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì mi.

Mo dìde. "Bàbá, ó tì o. Èmi kì í ṣe olórìṣà, ṣùgbọ́n màrìwò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Fátúnmbí." Mo yọjú wo orígun títì. Àgádágodo wà lẹ́nu ilé ìṣẹ́ rẹ̀. Onítáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pariwo pé Fátúnmbí ti gba Ìmuṣin lọ láti ìdájí, pé ọ̀la ni yóò dé.

"Bàbá, ọ̀la ò jìnnà. Ẹ ti ajá mọ́lé, kó dé, kí ẹ bi í."

"Kí n bi olè pé ṣé ó fẹ́ jà mí lólè?"

Ó gé e. Ó jù ú sí gọ́tà, omi gbé e lọ. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ajá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó dára. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nírọ̀lẹ́, ó mú agboòrùn, ó mú okùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ sinmi lónìí." Ó ní bí ènìyàn bá fi ẹ̀rù rẹ̀ han ọ̀tá, ó ti tán. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo gbójú sókè wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú. Mo rí Ṣíjúadé tó nà síwájú lórí irin, tó ń wo ọrùn ajá náà, ó ń wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ súfèé, géètì ṣí, àwọn ajá òyìnbó náà rọ́ jáde.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò dúró. Wọ́n ti mọ̀ pé kò sí òkúta. Ó na agboòrùn, ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, kò ṣí. Òwú mi, òwú dúdú tó nípọn, ti há mọ́ irin rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ajá kan gbá a lápá mú, èkejì fi ẹnu gbá Ẹ̀dáṣòro lẹ́yìn mú, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Bàbá jọ̀wọ́ okùn, ó ń ké pé, "Ẹ̀dáṣòro, sá! Sá lọ!" Bàbá tó ní kí n má sá fún ajá láé! Ajá kékeré náà ò sá. Bó ṣe já bọ́ lẹ́nu èkejì, ó lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ èyí tó wà lára bàbá rẹ̀, ó gé e jẹ. Mo gbé korobá omi, mo dà á lé wọn lórí, mo ń pariwo, "Ẹ gbà wá o! Ará Ìmẹ̀pẹ̀, ẹ gbà wá!" Onítáyà gbé irin rẹ̀ dé, àwọn ọkùnrin kan gbé igi dé. Kí wọ́n tó lé àwọn ẹranko náà wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti wà níbi gbogbo.

Ìgbà yẹn ni Ṣíjúadé rọra sọ̀kalẹ̀ wá. Kò wo ọgbẹ́. Ó ní, "Àárọ̀ òní ni mo rí màrìwò lọ́rùn ajá yín, mo sì fọwọ́ ara mi lé tèmi wọlé. Irin ni mo fi ń jẹun, n kì í bá Ògún ṣeré. Fátúnmbí ti kìlọ̀ fún mi, ó ní òun máa fi ajá yẹn sábẹ́ Ògún, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Ta ló wá yọ ọ́?"

Mo rí Bàbá tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àwọn kan ti ń mi orí pé àfọwọ́fà ni. Ṣíọ̀! Mo ní, "Ṣíjúadé, ta ló fọn súfèé? Ṣé ẹni tó yọ màrìwò ló fọn súfèé ni? Dáhùn!" Ó yí padà wọlé, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí.

A wá rí i pé Ẹ̀dáṣòro ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n ré irun ajá tó gé Bàbá jẹ, kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi sójú ọgbẹ́. Bàbá jágbe mọ́ ọn pé abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe irun, dìgbòlugi ò mọ irun. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lọ sí ọsibítù kankan àfi tí òun bá rí ajá òun. Mo fi aṣọ lésì di apá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lésì oníbàárà. A ń tọ ẹ̀jẹ̀ lọ ní ẹ̀bá títì. Mo rò pé ilé ló máa forí lé, ẹ̀yìn ilé, abẹ́ ibùsùn Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ náà ò gba ibẹ̀. Orígun títì ló gbà lọ.

Ẹnu ọ̀nà Fátúnmbí la ti bá a, ní ìdí àgádágodo. Ó na ara sínú eérú, ó gbé orí lé ìlẹ̀kùn. Bàbá kúnlẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, kò dìde. Bàbá wo ajá, ó wo ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, ó tún wo ajá. Ó sunkún. Èmi tí n kì í fọwọ́ kan ajá, èmi ni mo gbé e.

Lọ́jọ́ kejì Fátúnmbí dé pẹ̀lú eegun tó fi ewé wé láti Ìmuṣin. Wọ́n ti fún Bàbá lábẹ́rẹ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ajá rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lórí àpò, a ti fi àkísà di ẹ̀yìn rẹ̀. Fátúnmbí bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ajá náà. "Màrìwò ńkọ́?"

Bàbá ní, "Èmi ni mo gé e." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo wá sọ ọ́, Bàbá. Ẹ tilẹ̀kùn."

Fátúnmbí tú eegun, ó gbé e síwájú ajá.

Ṣíjúadé ò jèrè ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí irin lọ́rì rẹ̀ dá, Fátúnmbí ní irin náà ò ní wọ ẹwìrì òun, àwọn alágbẹ̀dẹ tó kù sì gbè é lẹ́yìn. Kí oṣù tó parí, ó ti kó àwọn ajá rẹ̀ lọ sí Ayépé. Ṣùgbọ́n Ẹ̀dáṣòro ò mọ̀ pé wọ́n ti lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, tó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro, ó gba orígun títì lọ. Bí a bá ti fà á débi tó ti lè rí géètì yẹn, á jókòó, á máa gbọ̀n. Ìdí ẹwìrì ló ń sùn láti ọjọ́ náà. Ohun tí Bàbá ń bẹ̀rù ló ṣẹ gẹ́lẹ́, alágbẹ̀dẹ gba ajá rẹ̀.

Ni Bàbá náà bá ń lọ síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, dípò Ìtọ̀rò, á mú agboòrùn rẹ̀, èyí tí Fátúnmbí ti bá a tún ṣe, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì alágbẹ̀dẹ, ajá á gbé orí lé bàtà rẹ̀. Bó ṣe lò ó nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo mú sísọ́ọ̀sì mi lọ fún Fátúnmbí kó bá mi pọ́n ọn. Agbada omi tí alágbẹ̀dẹ fi ń pa irin gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì náà, omi dúdú, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo rí ojú Bàbá tó ń lọ síbẹ̀, tó ń padà, tó tún ń lọ síbẹ̀. Mo ní nínú mi pé wolé-wolé ti dé.

Ó ní, "Fátúnmbí, ṣé tanwíji ò sí nínú omi yẹn?"

Fátúnmbí ní, "Kò sí, Bàbá."

Bàbá mi orí. Kò dìde, kò yọjú wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń họ etí ajá rẹ̀.